Òkè-Ẹ̀rí, Erédò Sùngbọ́ àti Iṣu Tuntun

Ojúde Ọba ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn tí ó ń yà sí Òkè-Ẹ̀rí, ìletò tí kò jìnnà sí ìgboro, kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni ibojì Bílíkísù Sùngbọ́ wà, tí Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti oníṣẹ̀ṣe ń wọ́ lọ lọ́dọọdún. Àwọn àgbà a máa sọ pé opó ọlọ́rọ̀ tí kò bímọ ni Sùngbọ́, àti pé kí orúkọ rẹ̀ má baà parun ni ó fi ní kí a gbẹ́ yàrà yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Yàrà yìí ni Erédò.

Iṣẹ́ takuntakun ni. Ó gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà, ó sì wà níbi tí ó ti tó 20 mítà láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi. P. C. Lloyd kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1959. Ní 1999 ni Patrick Darling jẹ́ kí aráyé gbọ́ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí àwọn wọ̀nyí tó dé rárá, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, Duarte Pacheco Pereira, ọmọ ilẹ̀ Potogí, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìlú ńlá kan wà tí ń jẹ́ Geebuu, tí yàrà ńlá yí ká.

Àwọn kan gbà pé Sùngbọ́ ni Ọbabìnrin Ṣébà tí ó lọ kí Sólómọ́nì. Ìgbà Sólómọ́nì ti tó nǹkan bí 3,000 ọdún. Iṣẹ́ ìwalẹ̀ tí Gérard Chouin àti Ọlánrewájú Lásísì ṣe fi hàn pé láàárín 1370 sí 1420 ni a gbẹ́ Erédò. Èyí kò bu iyì Sùngbọ́ kù. Ohun tí ó ń sọ fún wa ni pé àwọn baba ńlá wa gan-an ni ó fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́ ẹ. Kò di ìgbà tí a bá yá ayaba láti òkèèrè kí iṣẹ́ wọn tó níyì.

Kí ni àwọn tí ó gbẹ́ yàrà náà ń jẹ? Bí ẹ bá lọ sí Ìjẹ̀bú lónìí, gààrí ni wọn yóò kọ́kọ́ fi yangàn. Bẹ́ẹ̀ ni láti Amẹ́ríkà ni gbágùúdá ti wá, òun àti àgbàdo àti ata tí a ń lọ̀ sọ́bẹ̀. Kò sí èyí tí ó lè dé ọ̀dọ̀ wa ṣáájú 1492. Ìkọ́kọrẹ́ pàápàá, ẹ̀wùrà inú rẹ̀, Éṣíà ni ó ti ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣu funfun, epo pupa àti ẹ̀wà, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n.

Ìdí nìyí tí ọdún ìjẹṣu fi wúwo tó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí iṣu bá ta, ẹnu ènìyàn kì í kàn án kí a tó fi bọ òrìṣà àti àwọn baba ńlá. Ní Ifẹ̀, ọdún Ẹ̀gbodò ni wọ́n ń pè é. Gààrí gbajúmọ̀ tó báyìí, síbẹ̀ a kì í ṣọdún gààrí tuntun. Oúnjẹ tí a ń ṣọdún fún ni ó pẹ́ jù lọ́dọ̀ wa. Ohun tí ẹnu ti gbàgbé, ọdún ṣì rántí rẹ̀.

Láti 1995 ni Nàìjíríà ti fi orúkọ Erédò sí ìwé tí UNESCO fi ń dúró de àwọn ohun àjogúnbá. Síbẹ̀, oko, ilé àti ọ̀nà ọkọ̀ ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí a bá gé e lulẹ̀, kò sí ẹni tí yóò tún un gbẹ́. Àwọn àgbà ní bí iṣu ẹni bá ta, à á fọwọ́ bò ó jẹ ni. Iṣu tiwa ti ta. Ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ sí Òkè-Ẹ̀rí nígbà iṣu tuntun, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí odi náà, kí ẹ sì sọ fún wọn ẹni tí ó gbẹ́ ẹ.