Bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ kì í ṣe àlejò ní Sókótó

 

Àwọn òbí kan láàárín wa ń béèrè bóyá a lè kó àwọn ọmọ jọ nígbà ọlidé, ká kọ́ wọn ní softball lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n lè gbójú kúrò lára fóònù díẹ̀. Àwọn mìíràn ní eré Òyìnbó ni, pé kò bá ìlú yìí mu. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, àpò ṣòkòtò ló wà. Àwa tí a ti wà ní Sókótó ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká tú àpò wò ná.

Ní àwọn ọdún 1920, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Kàtsínà. Olùkọ́ Òyìnbó kan, J. S. Hogan, ló mú eré kan tí wọ́n ń pè ní fives wọ ilẹ̀ Haúsá. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbá a: bọ́ọ̀lù kékeré kan, ògiri mẹ́ta, èèyàn méjì kojú èèyàn méjì. Ohun tó wù mí jù nínú eré yìí ni pé kò sí rẹfirí. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ayò gbọ́dọ̀ ju bọ́ọ̀lù sí ẹnìkejì níbi tó ti máa rí i gbá dáadáa. Bí èyí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè kọ̀ ọ́ kí wọ́n tún un jù. Ẹ wo irú ẹ̀kọ́ ilé bẹ́ẹ̀!

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà ni Ahmadu Bello, ọmọ Rabah, tó wà níbẹ̀ láti 1926 sí 1931. Ẹ mọ̀ pé òun ló wá di Sàdáúnà, tó sì di olórí ìjọba Àríwá ní 1954. Ó fẹ́ràn fives dé ibi pé nígbà tó ti di àgbà pátápátá ní Kàdúná, ó ṣì máa ń gbá a. Kó tó di gbogbo ìyẹn ṣá, olùkọ́ ni. Nígbà tó jáde ní 1931, ilé ẹ̀kọ́ Middle School ní Sókótó níbí ni wọ́n gbé e wá.

Ibẹ̀ gan-an ni kókó wà lójú tèmi. Àwọn tí Hogan kọ́, olùkọ́ ni wọ́n ń lọ dà. Wọ́n parí, ìjọba pín wọn sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ káàkiri Àríwá, eré náà sì bá wọn lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ó kàn wá pín bọ́ọ̀lù, tó ya fọ́tò, tó padà sílé, ta ni ì bá rántí? Àbùkù kan wà níbẹ̀ o: ọkùnrin nìkan ni ilé ẹ̀kọ́ yẹn gbà. Àwọn ọmọbìnrin kò sí níbẹ̀ rárá.

Softball fúnra rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó ńlá. Ní Chicago ni, ní 1887, àwọn ọkùnrin kan jókòó sínú ilé ń dúró de èsì bọ́ọ̀lù. Ọ̀kan ju ìbọ̀wọ́ àwọn abẹ̀ṣẹ́, ẹlòmíràn fi igi gbá a padà. George Hancock ní kí wọ́n di ìbọ̀wọ́ náà pọ̀ di bọ́ọ̀lù, wọ́n fi ọ̀pá ìgbálẹ̀ ṣe igi, ó di eré. Orúkọ softball kò dé títí di 1926. Ní 1996 ó wọ Òlíḿpíìkì, eré àwọn obìnrin.

Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n gbá baseball, ẹ̀gbọ́n softball, nígbà tí Àbújá gba àlejò eré gbogbo Áfíríkà ní 2003. Ọdún yẹn náà ni Masai Ujiri, tó dàgbà sí Zaria, bẹ̀rẹ̀ ibùdó ìkọ́ni bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà, èyí tó di Giants of Africa. Wọn kì í gbowó lọ́wọ́ ọmọ, wọ́n sì máa ń kọ́ àwọn kóòṣì náà pẹ̀lú. Ujiri yìí ló ń ṣàkóso Toronto Raptors nígbà tí wọ́n gba ife NBA ní 2019. Ẹ ò rí i pé ọ̀nà kan náà ni: kọ́ ẹni tó máa kọ́ni.

Bí owó ìbọ̀wọ́ àti igi bá ń bà yín lẹ́rù, àjọ tó ń darí softball lágbàáyé gbé Baseball5 jáde ní 2018. Kò sí igi, kò sí ìbọ̀wọ́. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù rọ́bà. Èèyàn márùn-ún ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin àti obìnrin pọ̀. Mítà 13 ló wà láàárín ibi ìdúró kan sí èkejì, ọgbà ilé ẹ̀kọ́ sì gbà á. Wọ́n ti fi í sínú Òlíḿpíìkì àwọn ọ̀dọ́ ti Dakar 2026. Àwọn ìyá tó ń ṣàníyàn nípa híjáàbù: àwọn alákòóso bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ lágbàáyé ti fọwọ́ sí i láti 2017, kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti sáré.

Èrò tèmi ni pé ká má tíì kó ọmọ kankan jọ. Ká kọ́kọ́ wá olùkọ́ mẹ́fà, ó kéré tán kí obìnrin mẹ́ta wà níbẹ̀, kí wọ́n kọ́ eré náà dáadáa fúnra wọn. Àárọ̀ ni kó jẹ́, kí aago mẹ́sàn-án tó lù, torí ẹ mọ oòrùn ibí. Kó má bọ́ sí àkókò ilé kéwú, kó má sì bọ́ sí àárọ̀ Sunday. Ó ku pápá. Bàbá tàbí ìyá tó bá mọ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan tó ní ọgbà tó mọ́, tí kò sí ìgò fífọ́ níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bá wọn sọ̀rọ̀ kí ilé ẹ̀kọ́ tó gba ọlidé.