Bai Bureh àti Ogun Owó-Orí Ilé ní Sàró

Ní ọdún 1808 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Freetown sí abẹ́ ara rẹ̀, tí ó sì sọ ọ́ di èbúté tí wọ́n ń já àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú sí. Ibẹ̀ ni Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí ní 1822, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Akú ti tún ayé wọn bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, agbára Gẹ̀ẹ́sì kò kúrò létí òkun. Àwọn ọba Temne, Loko, Limba àti Mende ló ni ilẹ̀ òkè. Freetown ń bá wọn ṣòwò, ó ń bá wọn mulẹ̀, ó sì ń fún àwọn mìíràn nínú wọn lówó ọdọọdún kí ọ̀nà òwò má baà dí.

Ní nǹkan bí ọdún 1840, ní ìhà Port Loko, ni wọ́n bí ẹni tó wá di Bai Bureh. Jagunjagun Loko ni bàbá rẹ̀, òun ló sì rán an lọ sí Gbendembu, ìlú tí wọ́n ti ń kọ́ ọ̀dọ́ níṣẹ́ ogun. Ogun àárín ìlú sí ìlú ló gbé òkìkí rẹ̀ jáde, nígbà tó sì di 1886, wọ́n fi í jọba ní Kasseh, ní ilẹ̀ Temne.

Ní 1892, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń bá Karimu, balógun Susu, jà ní Tambi, Bai Bureh kó àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ lọ ràn wọ́n lọ́wọ́. Tambi bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ọba Kasseh ti bá wọn rìn, ó ti rí bí wọ́n ṣe ń tò lójú ọ̀nà, bí wọ́n ṣe ń gbé ẹrù, àti bí ìbọn ńlá wọn ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1896 ni nǹkan yí padà. Ìjọba kéde pé ilẹ̀ òkè ti bọ́ sábẹ́ ààbò Gẹ̀ẹ́sì. Ajẹ́lẹ̀ àti ọlọ́pàá tí yóò máa ṣàkóso rẹ̀ ń fẹ́ owó, London kò sì fẹ́ san án. Gómìnà Frederic Cardew wá gbé òfin kalẹ̀: ilé tó bá ní yàrá mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò san ṣílè 10 lọ́dún, èyí tó bá kéré jù bẹ́ẹ̀ yóò san ṣílè 5, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kìíní 1898. Àwọn ọba kọ̀wé ẹ̀bẹ̀. Lójú wọn, ẹni tó bá ń san owó lórí ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ti di ayálégbé nínú rẹ̀. Cardew kò gbà láti fagi lé e.

Ní oṣù Kejì 1898, Sharpe, ajẹ́lẹ̀ Karene, kọ́kọ́ mú àwọn olóyè Port Loko, lẹ́yìn náà ló forí lé ọ̀nà Kasseh láti mú Bai Bureh. Ogun dé. Ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀nà tóóró inú igbó ni ọba náà ti pa ibùba rẹ̀. Igi ìtí ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ ṣù mọ́ra wọn, wọ́n kó òkúta tì í, wọ́n dá ihò tí ẹnu ṣakabùlà lè gbà yọ sí i, wọ́n sì gbẹ́ yàrà sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó ń kọjá kì í rí odi náà títí ìbọn yóò fi dún. Bí ìbọn ńlá bá ti ń bọ̀, àwọn tó wà nínú rẹ̀ ti gba inú yàrà lọ, ó di odi iwájú. Nígbà tí apá Gẹ̀ẹ́sì kò ká igbó, abúlé ni wọ́n dojú kọ: wọ́n dáná sun ilé, wọ́n sun oúnjẹ. Wọ́n tún fi £100 lélẹ̀ fún ẹni tó bá mú ọba náà wá.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin, Mende gbé ogun tiwọn dìde ní gúúsù. Cardew di ẹ̀bi ru àwọn ìwé ìròyìn Freetown. Òjò rọ̀, òjò dá, ebi mú ilẹ̀ Temne. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá, wọ́n mú Bai Bureh nínú àbàtà.

London ti rán Sir David Chalmers láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ó dámọ̀ràn pé kí wọ́n fagi lé owó-orí ilé. Ti Cardew ni wọ́n gbà, owó-orí sì dúró. Ní 1899, wọ́n kó Bai Bureh lọ sí ìgbèkùn ní Gold Coast pẹ̀lú Nyagua, ọba Mende, àti Be Sherbro, ọba Sherbro. Nyagua kò padà wálé mọ́. Bai Bureh padà ní 1905, ó tún gorí ìtẹ́ Kasseh, ó sì wàjà ní 1908.

Ọ̀nà fífi owó-orí ṣàkóso yìí kò dúró ní Sàró. Ní 1918, owó-orí wà lára ohun tó fa ogun Adùbí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Sàró gba òmìnira ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin 1961, ọjọ́ kan náà nínú ọdún tí Mende gbé ogun dìde ní 1898. Nígbà tó yá, orílẹ̀-èdè náà tẹ àwòrán ọba Kasseh sára owó leone 1000.