Ìtàn Búráúsà àti Ìṣòro Kíkọ Àmì Ohùn Yorùbá sí Ojú Ewé Ayélujára

Ìfáárà

Nígbà tí a kọ ẹ̀kọ́ kan lórí àmì ohùn sí ojú ewé ayélujára fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Runjin Sambo, ní ìlú Sókótó, ó hàn kedere lórí kọ̀ǹpútà tí a fi kọ ọ́. Lórí fóònù akẹ́kọ̀ọ́ kan, àpótí kéékèèké ni ó rọ́pò àwọn lẹ́tà tí ó ní àmì; lórí òmíràn, áº¹ ni ó jókòó síbi tí ẹ yẹ kí ó wà. Ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ fi ìyàtọ̀ hàn láàrin ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kò wúlò mọ́. Iṣẹ́ yìí tọpa ìtàn tí ó bí ìṣòro náà, ó sì fi hàn pé ẹ̀bi kì í ṣe ti èdè wa.

Ìjà láàrin àwọn búráúsà

Netscape Navigator jáde ní ọdún 1994. Internet Explorer ti Microsoft tẹ̀ lé e ní 1995. Ní 1995 kan náà ni Brendan Eich ṣe JavaScript fún Netscape. Microsoft ṣe ẹ̀dà tirẹ̀, ó pè é ní JScript. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń fi ohun tí èkejì kò ní kún tirẹ̀, àwọn tí ń ṣe ojú ewé sì ń kọ kóòdù kan náà lọ́nà méjì.

A gbé ìlànà kalẹ̀ láti parí ìjà náà. Håkon Wium Lie dábàá CSS ní 1994, àjọ W3C sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá 1996. Ìlànà JavaScript jáde ní 1997. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a ṣe òfin, ọ̀tọ̀ ni kí a pa á mọ́. CSS sọ pé bí àpótí kan bá fẹ̀ ní píksẹ̀lì 200, ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìkan ni 200 náà. Internet Explorer 5 ka etí àpótí àti àlàfo inú rẹ̀ mọ́ ọn. Ojú ewé tí ó gún régé níbì kan a wá wọ́ níbòmíràn.

Ìtàn yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ìpàdé ìlú Èkó ní 1875 jíròrò lórí àkọtọ́ Yorùbá. Ní 1974, ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní. Síbẹ̀, títí di òní, àwọn kan ṣì ń fi sh kọ orúkọ tí ó yẹ kí a fi ṣ kọ.

Lẹ́tà tí ó ní àmì

Ẹ̀dà àkọ́kọ́ Unicode jáde ní 1991. Nínú rẹ̀ lónìí, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. A lè fi ẹ ṣáájú kí a fi àmì òkè lé e. A sì lè fi é ṣáájú kí a fi àmì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ojú wa rí méjèèjì bí ọ̀kan, JavaScript kà wọ́n sí ọ̀tọ̀. Ìdí nìyí tí a fi lè wá «ẹsẹ̀» nínú ojú ewé tí ó wà níbẹ̀, kí a má sì rí i. Ọdún 2015 ni iṣẹ́ tí a ń pè ní normalize, tí ó ń sọ wọ́n di ọ̀kan, wọ inú ìlànà JavaScript. Internet Explorer kò ní i títí ó fi kógbá sílé.

Ti Hausa náà rí bẹ́ẹ̀: bí a kò bá sọ fún búráúsà pé UTF-8 ni a fi kọ ọ̀rọ̀, ƙ lè di Æ™.

Opera Mini tún ní tirẹ̀. Ó ń fún ojú ewé pọ̀ lórí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ kí ó tó fi ránṣẹ́, kí dátà má baà tètè tán. Nípa bẹ́ẹ̀, kì í gbé fọ́ǹtì tí a fi ránṣẹ́. Èyí tí ó wà nínú fóònù ni ó ń lò.

Ọ̀nà àbáyọ

A dábàá ohun mẹ́rin. Èkíní, kí a kéde UTF-8 ní ìbẹ̀rẹ̀ ojú ewé. Èkejì, kí a sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di irú kan náà pẹ̀lú normalize kí a tó tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí a to fọ́ǹtì púpọ̀ tẹ̀léra nínú CSS, kí òmíràn lè gbà á bí ti àkọ́kọ́ bá kùnà. Ẹ̀kẹrin, kí kóòdù bi búráúsà pé «Ṣé o lè ṣe èyí?» dípò «Kí ni orúkọ rẹ?», kí a sì dán an wò lórí fóònù tí kò wọ́n.

Ìgúnlẹ̀

Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn fún Internet Explorer 11 dúró lórí ọ̀pọ̀ Windows 10 ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹfà, 2022. Ìṣòro kò bá a lọ. Ẹni tí ó fi Chrome nìkan dán iṣẹ́ rẹ̀ wò ń tún àṣìṣe àtijọ́ ṣe. Ohun tí ó bà wá lẹ́rù jù ni àwọn tí ń yọ àmì ohùn kúrò pátápátá nítorí pé ẹ̀rọ kò gbé e dáadáa. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ̀rọ ni kí a tún ṣe, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ka Yorùbá ní Sókótó lè mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ̀.