Ṣúgà inú Àpótí Ọmọ Ilé-Ìwé ní Accra

Kí ọmọ tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé inú ọgbà rẹ̀ ní Accra, àwọn òbí rẹ̀ a ra àpótí onípákó kan tí ó ní àgádágodo. ‘Chop box’ ni wọ́n ń pè é. Gààrí, ṣúgà, mílíìkì alágolo, Milo, ẹ̀pà àti ṣitọ̀, ata dúdú tí àwọn ará Ghánà kì í fi ṣeré, ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀. Bí ebi bá dé, ọmọ a bu omi tútù sí gààrí, a da ṣúgà lé e. Òbí tí ó bá fi ṣúgà du ọmọ rẹ̀, ahun ni wọn yóò kà á sí.

Ìtàn ni ó sọ ṣúgà di àmì ìfẹ́ bẹ́ẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1960, ìjọba Kwame Nkrumah bẹ̀rẹ̀ ilé-iṣẹ́ ṣúgà ní Asutsuare àti Komenda kí orílẹ̀-èdè náà má baà gbójú lé òkè òkun mọ́. Nígbà tí ó yá, méjèèjì kógbá sílé. Ṣáájú ìgbà náà ni ọrọ̀ ajé ti dojú rú. Ṣúgà, mílíìkì àti ọṣẹ wà lára ọjà tí ìjọba ń dá iye lé, tí aráàlú sì ń tò sórí ìlà fún. Ìkójàpamọ́ àti èrè àjẹjù gba orúkọ tuntun, ‘kalabule’, ọ̀rọ̀ tí àwọn kan sọ pé inú èdè Haúsá ni ó ti wá. Àwọn ìyálọ́jà ni wọ́n di ẹ̀bi rẹ̀ rù: ní oṣù kẹjọ ọdún 1979, àwọn ọmọ ogun wó ọjà Makola Number One palẹ̀. Wíwó tí wọ́n wó o kò mú ṣúgà jáde. Ní 1983, ọ̀dá àti iná ìgbẹ́ fa ìyàn, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń pe egungun abẹ́ ọrùn tí ó yọ síta ní ‘ẹ̀gbà ọrùn Rawlings’.

Ọmọ tí ó tò sórí ìlà nígbà náà ni ó di òbí ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí ṣúgà ti kún ìsọ̀ gbogbo. Kò yani lẹ́nu pé ó kún àpótí ọmọ rẹ̀ dẹ́nu. Àìmọ̀ kọ́ ni. ‘Asikyire yare’, àrùn ṣúgà, ni àwọn Akan ń pe àtọ̀gbẹ, ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣàjèjì ní Accra. Ṣùgbọ́n lójú òbí, ti àgbàlagbà ni orúkọ yẹn. Kò jọ ohun tí í kan ọmọ ọdún 15 tí ń sáré lórí pápá. (Orúkọ náà kò tilẹ̀ sọ òtítọ́ tán: ṣúgà jíjẹ nìkan kọ́ ní ń fa àtọ̀gbẹ.) Eyín jíjẹrà àti ìsanrajù, ní tiwọn, kì í dúró de ọjọ́ ogbó.

Ní 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé dá a lábàá pé kí irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ má kọjá ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí oúnjẹ ń fún ara lójúmọ́. Bí ó bá lè dín sí ìdá márùn-ún, nǹkan bí gíráàmù 25, ó tún sàn jù. Ìgò ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò kan ṣoṣo lè ré kọjá ìyẹn. Ní 2023, Ghánà ṣòfin tí ó bu owó orí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún lé ohun mímu aládùn. Ìgò ni òfin náà mú. Kò kan ṣúgà tí ìyá fọwọ́ ara rẹ̀ dì sínú ọ̀rá, tí ó sì tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ gààrí ní alẹ́ tí ilé-ìwé yóò wọlé lọ́la.