Irin Tí Adìẹ Kò Lè Gbé Mì

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bí àwọn àgbà bá pa òwe yìí, ẹni tó ń fojú tín-ín-rín ohun kékeré ni wọ́n ń kìlọ̀ fún: gbèsè táṣẹ́rẹ́ tí a kò san, egbò tí a ní kò tó nǹkan, ọmọdé tó mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Lágbo ilé wa, ojú mi kòró ni òwe náà ṣe ṣẹ. Ìyá mi àgbà ń rán etí aṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, adìẹ kan sáré wá, ó ṣà á bí ẹni ṣa àgbàdo. Kò pẹ́ tó fi gbọnrí, tó tu ú dànù, tó sì sá lọ. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n nu abẹ́rẹ́ náà, wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ.

Abẹ́rẹ́ yẹn ni mo fẹ́ fi sọ̀rọ̀ nípa ohun tó kéré jù ú lọ fíìfíì, tó sì jẹ́ pé òun ni gbogbo ohun tí a lè fọwọ́ kàn fi dúró: átọ̀mù.

Ká ní a gé abẹ́rẹ́ sí méjì, a tún gé ìdajì rẹ̀ sí méjì, a ń gé e lọ bẹ́ẹ̀, a óò dé ibi tí ègé tó kù kò ní ṣe é gé mọ́ kó ṣì máa jẹ́ irin. Ègé yẹn ni átọ̀mù irin. Àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ló fún un lórúkọ. Ohun tí kò ṣe é gé ni ìtumọ̀ rẹ̀. Democritus, ọ̀kan lára wọn, fi kọ́ni ní nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn. Ní 1808, John Dalton, olùkọ́ kan ní ìlú Manchester, tẹ ìwé jáde tó fi ṣàlàyé pé ẹ̀yà átọ̀mù kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀. Bí a bá to átọ̀mù irin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin ni yóò kún mìlímítà kan ṣoṣo.

Kóró kan wà láàárín átọ̀mù, inú rẹ̀ ni àwọn prótọ́ọ̀nù wà. Iye wọn ni ilà ojú tí a fi ń mọ ẹ̀yà átọ̀mù: kábọ́ọ̀nù ní 6, ọ́síjìn ní 8, irin ní 26. Àwọn ẹlẹ́ktrọ́ọ̀nù tó yí kóró náà ká ni ọwọ́ tí átọ̀mù fi ń di ara wọn mú. Bí wọ́n sì ṣe di ara wọn mú ló ń sọ ohun tí wọn yóò dà. Èédú abẹ́ ìkòkò àti dáyámọ́ǹdì orí òrùka, kábọ́ọ̀nù ni àwọn méjèèjì; ìtò ló yàtọ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa ti ń jèrè èyí kí ìwé tó dé. Bí wọ́n bá fi èédú sun òkúta irin, díẹ̀ nínú kábọ́ọ̀nù á há sáàárín àwọn átọ̀mù irin, kò ní jẹ́ kí wọ́n yọ̀ lórí ara wọn, irin á sì le.

Ẹ fi abẹ́rẹ́ yẹn sílẹ̀ sínú òjò, yóò dógùn-ún. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló di irin mú, tí kò jọ̀wọ́ rẹ̀ mọ́. Irin àti ọ́síjìn kan náà ló ń pàdé lára wa nígbàkigbà tí a bá mí. Nínú ẹ̀jẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń pè ní hẹmoglóbìnì wà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún átọ̀mù ló para pọ̀ di ẹyọ kan rẹ̀, irin mẹ́rin péré ló sì wà láàárín wọn. Àwọn mẹ́rin yìí ló ń gba ọ́síjìn ní ẹ̀dọ̀fóró, tí wọ́n ń gbé e dé ọpọlọ àti ọmọ ìka ẹsẹ̀. Àwọn tó kù tò yí irin ká, kó lè gba ọ́síjìn, kó sì lè yọ̀ǹda rẹ̀ láì dógùn-ún. Ó lé ní 20 ọdún tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Max Perutz, fi wá ìtò yìí ní Cambridge kó tó rí i. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1962.

Ẹ wá wo ohun tí ìyàtọ̀ kékeré ń fà. Ẹ̀wọ̀n kan wà nínú hẹmoglóbìnì tó dà bí ìlẹ̀kẹ̀ 146 tí a sín pọ̀. Lára ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ìlẹ̀kẹ̀ kẹfà nìkan ló yàtọ̀, ìwọ̀nba átọ̀mù díẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ náà. Síbẹ̀ ó tó láti mú kí hẹmoglóbìnì máa lẹ̀ mọ́ra, kí sẹ́ẹ̀lì pupa tẹ̀ bí dòjé, kó dínà ẹ̀jẹ̀, kí ọmọ máa ké lóru. Òbí tó ti gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́yà títí ilẹ̀ fi mọ́ kò nílò ẹni tí yóò túmọ̀ òwe abẹ́rẹ́ fún un.

Gbogbo irin ara àgbàlagbà kò ju gíráàmù mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. A lè fi rọ ìṣó kékeré kan. Kò sẹ́ni tó lè gbé ìṣó mì, ṣùgbọ́n ẹnu ni irin yìí ń gbà wọlé, bí ó ṣe pín wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹ̀wà àti ẹ̀dọ̀ màlúù. Ara tètè ń gba ti ẹran ju ti ewébẹ̀ lọ, nítorí náà ó dára kí ẹni tó jẹ ẹ̀fọ́ fi ọsàn tẹ̀ lé e, kí ara lè rí irin inú rẹ̀ gbà dáadáa. Aláboyún tí irin kò tó lára rẹ̀, àárẹ̀ á máa mú un, òòyì á máa kọ́ ọ.

Irin tí a fi ń búra yìí ti wà kí ayé tó wà. Inú ìràwọ̀ ló ti jinná, ìràwọ̀ bẹ́, ó fọ́n ọn ká, ó di ara ilẹ̀. Gbòǹgbò ẹ̀fọ́ fà á mu, ó dé inú ọbẹ̀, ó wọnú ẹ̀jẹ̀.

Adìẹ ìyá mi àgbà náà ń mí hẹlẹhẹlẹ bó ti ń sá lọ. Irin tí kò lè gbé mì lẹ́nu rẹ̀ ló ń gbé èémí rẹ̀ káàkiri ara.