Ọ̀dà Méjì Lára Mọ́tò Kan

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá aláàdìrẹ ní Abẹ́òkúta tàbí ní Ìbàdàn, ẹ ó rí i pé ìyá tí ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ kì í fi aró ya iṣẹ́ ọnà sára aṣọ. Ẹ̀kọ ni ó fi ń yà á, pẹ̀lú ìyẹ́ adìẹ. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kò ní í mu ún. Ibi tí ẹ̀kọ kò dé ni aró yóò mu. Nígbà tí wọ́n bá ha ẹ̀kọ náà kúrò tán, iṣẹ́ ọnà yóò yọ kedere. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti aṣọ. Ti mọ́tò ni, mọ́tò gidi àti mọ́tò ìṣeré tí a fi ike líle ṣe. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé, búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń kùn ún lọ́dà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń kun kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà. Ọ̀dà ayé ìgbà náà kì í tètè gbẹ. Wọn a kùn ún, wọn a dúró kí ó gbẹ, wọn a fi sáńpépà dán an, wọn a sì tún kùn ún. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lè kọjá kí mọ́tò kan tó jáde. Láti 1914 títí di 1925, dúdú ni ilé-iṣẹ́ Ford ń kun gbogbo mọ́tò Model T rẹ̀.

Ohun méjì ni ó yí ọ̀ràn yìí padà. Èkíní ni ìbọn ọ̀dà. Ní ìlú Toledo, ní ìpínlẹ̀ Ohio, oníṣègùn kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Allen DeVilbiss. Ní 1888 ó ṣe ohun-èlò kékeré kan tí ń fín oògùn bí ìrì sí ọ̀fun aláìsàn. Ọmọ rẹ̀, Thomas, ronú pé ohun tí ó lè fín oògùn lè fín ọ̀dà pẹ̀lú, nígbà tí ó sì di 1907 ó ṣe ìbọn ọ̀dà tí a ń fi ọwọ́ mú. Ẹ̀kejì ni ọ̀dà tuntun tí ilé-iṣẹ́ DuPont gbé jáde ní 1923, tí wọ́n pè ní Duco. Wákàtí díẹ̀ ni èyí fi ń gbẹ. Láìpẹ́, àwọ̀ oríṣiríṣi kún títì, àwọn olówó sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè mọ́tò aláwọ̀ méjì: òkè rẹ̀ kí ó jẹ́ ọ̀kan, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ó jẹ́ òmíràn.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì mọ ààlà, ṣùgbọ́n ìbọn ọ̀dà kò mọ̀ ọ́n. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá gbé ọ̀dà lọ ni yóò bà lé. Ó di dandan kí àwọn pẹ́ńtà bo àwọ̀ kìn-ín-ní kí wọ́n tó fín ìkejì. Wọ́n mú ìwé ìròyìn àtijọ́, wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù tàbí báńdéèjì alálẹ̀mọ́ ti ilé-ìwòsàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ mọ́tò. Nígbà mìíràn ọ̀dà a rin ìwé náà kọjá. Nígbà mìíràn gọ́ọ̀mù a mú mọ́tò le koko, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá ní kí wọ́n ṣí i, ọ̀dà ìsàlẹ̀ a bá a jáde. Iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ a sì bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ní 1923, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Richard Drew wọ ilé ìkunmọ́tò kan ní ìlú St. Paul, ní ìpínlẹ̀ Minnesota. Wọ́n bí i ní 1899. Ó ti ta gìtá bánjò níbi ijó rí, ó sì ti fi yunifásítì sílẹ̀ láìparí. Ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe sáńpépà, Minnesota Mining and Manufacturing, ni ó ń bá ṣiṣẹ́, sáńpépà tuntun ni ó sì gbé wá kí àwọn pẹ́ńtà dán an wò. Ó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń bínú, tí wọ́n ń ṣépè, nítorí pé mọ́tò aláwọ̀ méjì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọ̀ràn yìí kò kan ẹni tí ń ta sáńpépà. Síbẹ̀ Drew dúró, ó gbọ́ ẹjọ́ wọn, ó sì ṣèlérí pé òun yóò wá ojútùú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Kí ni sáńpépà? Bébà ni, gọ́ọ̀mù ni, yanrìn líle ni. Bí a bá yọ yanrìn kúrò, ó ku bébà àti gọ́ọ̀mù. Ọ̀nà tí Drew gbà nìyẹn. Ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù tí yóò lẹ̀ mọ́ ọ̀dà, tí kò sì ní í ṣí ọ̀dà, kò rọrùn láti rí. Ọ̀gá rẹ̀, William McKnight, sọ fún un pé kí ó padà sídìí iṣẹ́ sáńpépà rẹ̀. Drew padà, ṣùgbọ́n kò jáwọ́. Nígbà tí ó béèrè owó ẹ̀rọ tí yóò fi ṣe bébà náà, wọ́n kọ̀ fún un. Ó ní àṣẹ láti fọwọ́ sí ìwé ìrajà tí kò bá ju dọ́là 100 lọ. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹ̀rọ náà díẹ̀díẹ̀, ìwé kan lẹ́yìn èkejì, kò sì sí èyí tó kọjá dọ́là 100. Bí iṣẹ́ náà bá yí dànù, ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò yí dànù. Ní 1925 ó gbé bébà alálẹ̀mọ́ jáde, èyí tí a mọ̀ sí tépù bébà. Ó wú wẹ́rẹwẹ̀rẹ bí awọ àgbàlagbà, nítorí náà ó lè nà, kí ó sì tẹ̀ yí kọ́nà mọ́tò ká. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ ń lẹ̀, ó sì ń jáwọ́ nígbà tí a bá fà á. Nígbà tí McKnight mọ ohun tí Drew ti ṣe, kò lé e. Ó wá gbà pé ọ̀gá tí kò bá fún ọmọ-iṣẹ́ láyè yóò pa ọgbọ́n ọmọ-iṣẹ́ náà. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́: ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Báwo ni ọgbọ́n yìí ṣe dé ọwọ́ àwọn ọmọdé? Láti 1930 títí di 1968, ẹ̀ka Fisher Body ti ilé-iṣẹ́ General Motors ń ṣe ìdíje fún àwọn ọmọkùnrin. Ọmọ yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọkọ̀ kékeré, yóò kùn ún. Ẹni tó bá yege yóò gba owó láti fi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ọ̀kan nínú àwọn tó borí ní 1947 ni Charles Jordan. Ní 1986 òun ni ó di olórí gbogbo àwọn tí ń ya àwòrán mọ́tò fún General Motors.

Lẹ́yìn náà ni ike líle dé. Ní 1948 agbẹjọ́rò kan, West Gallogly, dá ilé-iṣẹ́ AMT sílẹ̀ ní Michigan, láti máa ṣe mọ́tò kékeré fún àwọn tí ń ta mọ́tò. Nígbà tí ó di 1958, wọ́n ń tà á ní àpótí, ní ègé-ègé, kí ọmọ tò ó, kí ó sì kùn ún fúnra rẹ̀. Ní 1949 Edward Seymour, ará Sycamore ní Illinois, ti rọ ọ̀dà sínú agolo tí a ń fi ìka tẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Bonnie, ni ó dá ìmọ̀ràn náà. Báyìí ni ìbọn ọ̀dà àti tépù Drew ṣe bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kí mọ́tò rẹ̀ rí bí Chevrolet aláwọ̀ méjì ti 1955.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ gbọ́ bí iṣẹ́ náà ti ń lọ. Ẹ fi ọṣẹ àti omi wẹ ike náà, nítorí ọ̀dà kì í lẹ̀ mọ́ ọ̀rá. Ẹ fín ọ̀dà ìpìlẹ̀ sí i. Òun ni kì í jẹ́ kí tínà inú ọ̀dà tó le jẹ ojú ike. Àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fín, nítorí dúdú a tètè bo funfun, ṣùgbọ́n funfun kì í tètè bo dúdú. Ẹ fín in fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta dípò kí ẹ fín in nípọn lẹ́ẹ̀kan, kí ó má baà ṣàn bí omijé. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ sì bo imú.

Nígbà tí ó bá gbẹ dénú, ẹ lẹ tépù, kí ẹ fi èékánná tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àṣírí kan wà níbí. Kí ẹ tó fín àwọ̀ kejì, ẹ tún fín àwọ̀ kìn-ín-ní sí etí tépù náà. Bí àlàfo bá wà, àwọ̀ kìn-ín-ní ni yóò wọ inú rẹ̀, yóò sì dí i. Ìkejì kò ní í rí ọ̀nà. Nígbà tí ẹ bá fín ìkejì tán, ẹ má jẹ́ kí ó gbẹ gan-an kí ẹ tó ṣí tépù. Ẹ má sì fà á sókè. Ẹ ká a padà sẹ́yìn sórí ara rẹ̀, jẹ́jẹ́.

Ṣùgbọ́n bí ike mọ́tò ìṣeré bá mọ́ gaara bí gíláàsì, bí irú èyí tí a ń fi ẹ̀rọ darí láti òkèèrè, inú ni a ti ń kùn ún. Nígbà náà gbogbo ètò yóò dorí kodò: dúdú ni yóò ṣáájú, funfun ni yóò gbẹ̀yìn, nítorí ọ̀dà tí a kọ́kọ́ fín ni ojú yóò rí.

Ọmọ tó bá kánjú ṣí tépù yóò ba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ ní ìṣẹ́jú kan, bí ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn pẹ́ńtà St. Paul. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹ̀yin àgbà, nígbà mìíràn tí ẹ bá rí ọ̀dọ́ tó dúró gbọ́ ẹjọ́ tí kò kàn án, ẹ má tètè lé e padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.