Jamestown àti Iṣẹ́ Ìwádìí Àwọn Yunifásítì

Ẹni tí ó bá dúró ní etí òkun Jamestown, ní ìlú Accra, yóò rí ohun mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà: ilé iná gíga tí ń tọ́ àwọn ọkọ̀ òkun sọ́nà, odi àtijọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní 1673 tí wọ́n sì sọ ní James Fort, àti àwọn ọkọ̀ apẹja tí a fi ọ̀dà aláràbarà kùn. Láàárín odi àti òkun náà ni àwọn Gá ti ń gbé láti ìrandíran. Ṣùgbọ́n fún ọdún púpọ̀, bí ìjọba bá fẹ́ ṣe ohun kan sí àdúgbò yìí, agbára ìjọba ni ó ń ṣáájú, ìmọ̀ ni ó ń tẹ̀lé e.

Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Accra ní 1908, àwọn aláṣẹ wó ilé, wọ́n sì ṣí àwọn ènìyàn nídìí lọ sí Korle Gonno, ní òdìkejì ọ̀sà Korle. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní ọjọ́ 22 oṣù Júùnù 1939, tí ọ̀pọ̀ ilé sì wó lulẹ̀, ìjọba tún kọ́ ilé tuntun sí ẹ̀yìn odi ìlú àtijọ́. Inú rere wà nínú àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí, kò sí ẹni tí yóò sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Ní àkókò náà, kò sí yunifásítì kankan ní Gold Coast tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wádìí bí àwọn ará ìlú ṣe ń jẹ, bí wọ́n ṣe ń sùn, àti bí owó ṣe ń dé ọwọ́ wọn. Àwọn ìwé tí M. J. Field kọ nípa àwọn Gá ní 1937 àti 1940 ṣe iyebíye, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

Ọdún 1948 ni ọ̀ràn náà yí padà. Ní ọjọ́ 28 oṣù Fébúárì ọdún náà, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa mẹ́ta nínú àwọn ológun tí ó ti ogun dé, tí wọ́n ń gbé ẹ̀bẹ̀ wọn lọ sọ́dọ̀ Gómìnà ní Christiansborg, Accra sì gbiná. Ní oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ọdún kan náà ni a dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Gold Coast sílẹ̀. Kì í ṣe pé a gbé e fún wọn nínú àwo. Ìgbìmọ̀ Elliot, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yàn ní 1943, jábọ̀ ní 1945, ohùn rẹ̀ kò sì ṣọ̀kan: àwọn díẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ náà ní kí a dá ẹyọ yunifásítì kan ṣoṣo sílẹ̀ fún gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, kí ó sì wà ní Ìbàdàn. Àwọn ará Gold Coast kọ̀ jálẹ̀; owó kòkó tí àwọn àgbẹ̀ wọn ń gbìn sì wà lára ohun tí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Báyìí ni yunifásítì ṣe wà ní Ìbàdàn, tí ó sì wà ní Accra pẹ̀lú.

Síbẹ̀, ìyapa yìí kò dí ọ̀nà ìfọwọ́sowọ́pọ̀. Ní 1950, a dá Ilé Ìwádìí Ọ̀ràn Àwùjọ àti Ọrọ̀ Ajé ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn. WAISER ni a máa ń pè é ní ìkékúrú. Orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo kọ́ ni ó wà fún. Láti Ìbàdàn ni ó ti ń rán àwọn olùwádìí lọ sí ilẹ̀ mìíràn. Òun náà ni ó sì gbé iṣẹ́ ìwádìí ìlú Accra lé Ioné Acquah lọ́wọ́. Láti 1953 títí di 1956 ni obìnrin yìí fi ṣe iṣẹ́ náà. Ní 1958, ọdún kan lẹ́yìn òmìnira Ghana, ìwé rẹ̀ tí a ń pè ní Accra Survey jáde.

Ó yẹ kí a rántí irú àkókò tí iṣẹ́ náà bọ́ sí. Inú ẹ̀wọ̀n James Fort, ní Jamestown gan-an, ni Kwame Nkrumah wà nígbà tí àwọn ará Accra dìbò yàn án ní oṣù Fébúárì 1951. Ọjọ́ 12 oṣù náà ni a tú u sílẹ̀, ó sì di aṣáájú ìjọba. Ìjọba tí àwọn ènìyàn yàn gbọ́dọ̀ mọ àwọn ènìyàn náà. Ìlú pàápàá kò dúró dè é: àwọn tí a kà ní Accra ní 1948 lé ní 130,000; nígbà tí yóò fi di 1960, wọ́n ti lé ní 330,000. Níbo ni àwọn wọ̀nyí ń sùn? Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe? Ọmọ mélòó ni ó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́? Ìbéèrè wọ̀nyí kì í ṣe ti òṣèlú tí ó gorí àga tí ó ń pariwo. Ti ẹni tí ó mú pẹ́ńsù àti ìwé, tí ó ń kan ilẹ̀kùn láti ojúlé dé ojúlé ni.

Àpẹẹrẹ kan yóò fi ìwúlò irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn. Lójú ẹni tí ń ṣe ètò ilé kíkọ́ láti inú ọ́fíìsì, ìdílé túmọ̀ sí ọkọ, aya àti àwọn ọmọ lábẹ́ òrùlé kan. Ní àwọn àdúgbò àtijọ́ bíi Jamestown àti Ussher Town, kò rí bẹ́ẹ̀. Àṣà àwọn Gá ni pé kí àwọn ọkùnrin máa gbé agbo ilé tiwọn, kí àwọn obìnrin sì máa gbé tiwọn. Obìnrin tí a ti gbé níyàwó lè wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò ìyá rẹ̀, kí ó máa se oúnjẹ ránṣẹ́ sí ọkọ, kí ó sì máa lọ bá a ní alẹ́. Nínú agbo ilé àwọn obìnrin yìí ni wọ́n ti ń yan ẹja tí àwọn ọkùnrin pa, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń se kẹ́ńkè, ibẹ̀ ni ọmọbìnrin ti ń kọ́ òwò lọ́wọ́ ìyá àti ìyá àgbà. Ìwé tí Marion Kilson kọ ní 1974, àti èyí tí Claire Robertson kọ ní 1984, tan ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ sí ọ̀ràn yìí. Nítorí náà, bí ìjọba bá fún ọkọ àti aya ní ilé alájàpọ̀ kan ní ibi tí ó jìnnà sí òkun, ilé nìkan kọ́ ni ó pààrọ̀. Ó lè ti tú ibi iṣẹ́ ká, kí ó sì ti já okùn òwò láàárín ìyá àti ọmọ. Èyí ni ìwádìí ń fi hàn kí a tó ná owó ìlú, kì í ṣe lẹ́yìn tí a ti ná an tán.

Lẹ́yìn òmìnira, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan mú ilé ìwádìí tirẹ̀. WAISER ti Ìbàdàn di NISER, ti Nàìjíríà nìkan, ní 1960. Ní Legon, Yunifásítì Ghana dá ilé ìwádìí ìṣirò sílẹ̀ ní 1962. Lẹ́yìn náà ni ó gbòòrò di èyí tí a ń pè ní ISSER, tí ìròyìn rẹ̀ lórí ipò ọrọ̀ ajé Ghana ti di ohun tí ìjọba àti àwọn alátakò jọ ń kà.

Ṣùgbọ́n ìmọ̀ ọ̀tọ̀, ìlò rẹ̀ ọ̀tọ̀. Kò sí ibi tí èyí ti hàn sí ọmọ Yorùbá ju ọ̀ràn Dókítà K. A. Busia lọ. Busia ni ó ṣe ìwádìí ìlú Sekondi àti Takoradi, tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1950. Òun ni ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ àwùjọ ènìyàn ní yunifásítì náà. Ní 1969, ó di olórí ìjọba Ghana. Ní ọjọ́ 18 oṣù Nòfẹ́ńbà ọdún náà, ìjọba rẹ̀ pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí ó jáde. Àwọn oníṣòwò Yorùbá, tí àwọn mìíràn nínú wọn ti bí ọmọ àti ọmọ ọmọ sí ilẹ̀ náà, fi ilé àti ọjà sílẹ̀, wọ́n sì kó ẹrù wọn sínú ọkọ̀. Ọ̀mọ̀wé tí ó mọ bí ìlú ńlá ṣe ń kó àlejò àti onílé pọ̀ ni ó wà lórí àga nígbà tí àṣẹ náà jáde. Nàìjíríà náà kò sì lè fi ọwọ́ òsì júwe ẹnikẹ́ni, nítorí ní oṣù Jánúárì 1983, ó lé àwọn ará Ghana bákan náà.

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò ṣòro. Ilé ìwádìí tí kò ní owó tirẹ̀ yóò máa sọ ohun tí ẹni tí ó fún un lówó fẹ́ gbọ́. Ìjọba tí kò bá ka ìròyìn, kí a kọ ọ́ kí a má kọ ọ́, ọ̀kan náà ni. Ìròyìn tí ó bá sì jókòó sórí pẹpẹ ní Legon tàbí ní Ìbàdàn, tí a kò sọ ní èdè Gá tàbí Yorùbá fún àwọn tí a ti ẹnu wọn gbọ́ ọ, gbèsè ni ó ṣì wà lọ́rùn ẹni tí ó kọ ọ́. Ní 2020, wọ́n tún wó àwọn ilé kan ní etí òkun Jamestown kí a lè kọ́ èbúté tuntun fún àwọn apẹja. Èbúté dára. Ṣùgbọ́n agbo ilé àwọn obìnrin tí ń yan ẹja kò yẹ kí ó tún di ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rántí lẹ́yìn tí katakata bá ti kọjá.

Àwọn baba wa ní ẹni tí ó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Yunifásítì ni ẹni tí a rán láti béèrè fún gbogbo ìlú. Ẹ jẹ́ kí a bọ́ ọ, kí a má sì di í lẹ́nu. Nígbà tí ó bá sì dé, kí ìjọba jókòó gbọ́ ohun tí ó rí lọ́nà.